Ó wọ ihò náà, àmọ́ kì í ṣe tiẹ̀: ìtàn apín-iná ọkọ̀ ojú omi kan ní Houston

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ètò wa tó kọjá, ẹ ó rántí pé mo ṣèlérí láti kọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi Bàbá mi síbí, torí pé àkókò ò tó láti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, ẹ má fòyà. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, àwọn mẹkáníìkì wa sì ti sọ ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọn di Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Ẹ kà á sókè, ẹ̀ẹ́ rí i pé etí yín ti mọ púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀.

Bàbá mi ṣe mẹkáníìkì ní Mushin fún ọdún púpọ̀ kó tó wá bá wa ní Houston. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975, ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ó tún máa ń ṣe Volkswagen Beetle, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ìjàpá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò lè máa jókòó sílé kí òun máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ra ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan lọ́wọ́ ará àdúgbò kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọkọ̀ náà ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ́ńjìnnì V8 líta 5.7 ló wà nínú ẹ̀, ti Chevrolet tí wọ́n tún tò fún orí omi. A gbé e lọ sí Seabrook, létí Clear Lake, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti pọ̀ bí dáńfó ṣe pọ̀ ní Ọ̀ṣòdì.

Ní Sátidé kan, a kó àwọn ọmọ mi méjì sínú ọkọ̀, a gba abẹ́ afárá Kemah, a bọ́ sínú Galveston Bay. Omi yẹn fẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ kò jìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Àárín rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńláńlá sí, Houston Ship Channel. Ọdún 1914 ni wọ́n ṣí i. Ó gùn tó nǹkan bíi máìlì 50, ó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 45. Ọkọ̀ agbépo tó bá ń gba ibẹ̀ bọ̀ kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà, torí pé ilẹ̀ wà nítòsí lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

A ò tíì dé etí ọ̀nà yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dún páá lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bàbá gbìyànjú láti tan án. Ó jí, àmọ́ bó ṣe tẹ eré mọ́ ọn báyìí, ó tún kú. Afẹ́fẹ́ sì ń tì wá lọ síbi tí ọkọ̀ agbépo kan ti ń bọ̀ lókèèrè. Bàbá ò pariwo. Ó ní kí n ju ìdákọ̀ró sómi, kí n sì pe àwọn tó máa wá fà wá. Ìdákọ̀ró mú ilẹ̀. Ọkọ̀ ńlá náà kọjá lọ, ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó gbé wa sílẹ̀, ọmọ mi obìnrin sì di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi fà wá dé Seabrook.

Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbólóhùn kan ni ìyàwó mi sọ: àwọn ọmọ òun ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ àyàfi tí ẹnì kan bá lè ṣàlàyé fún òun ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà, kó sì yé òun.

Àlàyé yẹn ni mo fẹ́ ṣe fún ẹ̀yin náà.

Kí ni apín-iná?

Disitiríbútọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Èmi ń pè é ní apín-iná nínú ètò wa, torí pé iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ tú orúkọ náà sí wẹ́wẹ́: a, pín, iná. Bí apẹja ṣe jẹ́ ẹni tó ń pa ẹja, bẹ́ẹ̀ ni apín-iná ṣe jẹ́ ohun tó ń pín iná.

Sìlíńdà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì V8. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, písítìnì á gòkè, á fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ mọ́ra, púlọ́ọ̀gì á ta iná sí i, epo á jó, agbára ìjóná yẹn á wá ti písítìnì padà sísàlẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Sìlíńdà wo ló kàn? Ìgbà wo gan-an ni kí iná ta? Apín-iná ló ń dáhùn méjèèjì.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Charles Kettering, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó dá Delco sílẹ̀ pẹ̀lú Edward Deeds ní ìlú Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, ló ṣe irú rẹ̀ fún mọ́tò Cadillac ti ọdún 1910. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú 504 tí Bàbá ń tún ṣe ní Mushin. Ọmọ ìyá rẹ̀ náà ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi wa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fólítì 12 péré ni bátìrì ní. Iná yẹn ò lágbára tó láti fò kọjá àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ìdí nìyẹn tí kọ́ìlì fi wà. Wáyà bàbà méjì ni wọ́n wé mọ́ irin kan nínú kọ́ìlì: ọ̀kan nípọn, kò sì gùn púpọ̀, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn gan-an. Nígbà tí kọ́ńtáàtì inú apín-iná bá panu dé, iná bátìrì á máa gba inú wáyà tó nípọn, irin á di òòfà. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá yanu, iná á já lójijì, agbára òòfà á wó lẹ́ẹ̀kan náà, wíwó yẹn á sì bí iná tó ju fólítì 20,000 lọ nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí ni iná ń ta, kì í ṣe ìgbà tó bá pa dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò ó sódì.

Iná ńlá yìí á gba àárín ìdérí apín-iná wọlé sórí rótọ̀. Rótọ̀ ń yí po bí ọwọ́ aago, ó ń na iná sí wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án. Nínú V8 Chevrolet irú tiwa, bí iná ṣe ń tò tẹ̀ lé ara rẹ̀ láàárín àwọn sìlíńdà ni 1-8-4-3-6-5-7-2. Kọndẹ́ńsà, agolo kékeré tó wà pẹ̀lú kọ́ńtáàtì, ló ń gba iná tó bá fẹ́ fò láàárín ẹnu kọ́ńtáàtì, kí ẹnu náà má bàa tètè jó, kí iná sì lè já wéré.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí V8 bá yí lẹ́ẹ̀kan, iná mẹ́rin ló nílò. Tó bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná 16,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, tàbí nǹkan bíi 267 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kẹ́ ẹ tó sọ pé “Ẹ káàárọ̀” tán, ẹnu kọ́ńtáàtì kékeré yẹn ti ṣí, ó sì ti pa dé nígbà 267. Ṣẹ́ ẹ wá rí ìdí tó fi ń jẹ?

Bí ẹni méjì tó ń gún iyán

Kí ló dé tí àsìkò fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí bí ẹni méjì ṣe ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ti ẹnì kìíní bá ń lọ sókè, ti ẹnì kejì á máa bọ̀ wálẹ̀. Tí ọ̀kan bá yára jù, ọmọ odó méjèèjì á kọlu ara wọn, ọwọ́ á sì ro wọ́n. Tí ọ̀kan bá ń falẹ̀, iyán ò ní kúnná.

Bí iná ẹ́ńjìnnì náà ṣe rí nìyẹn. Tó bá ta ṣáájú àsìkò rẹ̀, ìjóná á máa ti písítìnì sísàlẹ̀ nígbà tó ṣì ń gòkè. Ẹ́ńjìnnì á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù kan irin, tó bá sì pẹ́, ó lè ba písítìnì jẹ́. Lórí omi, pẹ̀lú ariwo ìgbì àti afẹ́fẹ́, ẹ lè má gbọ́ ìró yẹn rárá. Tí iná bá sì pẹ́ kó tó ta, agbára á dín kù, ooru á pọ̀, epo á máa ṣòfò.

Epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ ta ní ìwọ̀nba díẹ̀ kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Dígírì ìyípo kiráńkì ni a fi ń wọn “díẹ̀” yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí, ó lè jẹ́ dígírì 8 tàbí 10 lára ọ̀pọ̀ V8 irú èyí. Tí eré bá pọ̀, ó lè súnmọ́ 30. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé tèmi.

Kí ló ń sún àsìkò yẹn síwájú bí eré ṣe ń pọ̀? Irin wíwúwo kékeré méjì ni, tí sípíríǹgì dì mú nínú ikùn apín-iná. Bí ọ̀pá àárín bá ṣe ń yára yí, àwọn irin yìí á máa fẹ̀ síta bí etí aṣọ ọmọbìnrin tó ń pòyì, wọ́n á sì ti àsìkò iná síwájú. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ tún ní agolo pẹlẹbẹ kan tó ń mọ̀ pé ẹrù ò pọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, tó sì tún máa ń ti iná síwájú sí i láti fi ṣọ́ epo lò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ò ní agolo yìí. Mọ́tò lè sinmi lórí títì tó tẹ́jú. Ọkọ̀ ojú omi ń ti omi ṣáá ni, bíi mọ́tò akẹ́rù tó ń gun òkè tí kò rí ibi tó ti máa sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí a rí

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a padà sí Seabrook. Bàbá yọ wáyà bátìrì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ṣí ìdérí apín-iná. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, wá wò ó.”

Ẹnu kọ́ńtáàtì ti jó dúdú, apá kan ní kòtò, apá kejì ní òkìtì. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá ṣí tán fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ike kékeré tó ń fara ra ọ̀pá àárín ló ti jẹ, torí pé gírísì ara ọ̀pá náà ti gbẹ.

Ẹ bá mi rò ó. Tí ike yẹn bá jẹ, àlàfo á kéré. Tí àlàfo bá kéré, kọ́ńtáàtì á pẹ́ kó tó ṣí. Tó bá pẹ́ kó tó ṣí, iná á pẹ́ kó tó ta, kò sì ní lágbára mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi ń lọ́ra, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Àwa rò pé epo ni. Ẹ́ńjìnnì ti ń sọ fún wa, a ò kàn gbọ́ ni.

Èyí tó wọ ihò náà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bà jẹ́ pátápátá nìyí. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé apín-iná kan wá, èyí tí wọ́n yọ lára mọ́tò Chevrolet àtijọ́. Ó ń dán gbinrin. Ọ̀fẹ́ ni. Bàbá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, “Ihò kan náà ni. Eyín kan náà ni. Á wọlé.”

Ó sì wọlé lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì tí Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1955 ni ìyá ẹ́ńjìnnì wa, yálà lórí ilẹ̀ ni tàbí lórí omi. A dán an wò, ó bọ́ sínú ihò bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú àpò.

Bàbá ará Vietnam kan wà létí omi níbẹ̀, tó ti ń pa edé ní Galveston Bay fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tí ogun ilẹ̀ wọn parí ní 1975, ọ̀pọ̀ ará Vietnam wá sí etíkun Texas, wọ́n sì di apẹja. Òun àti Bàbá mi máa ń kí ara wọn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ó wá wo iṣẹ́ wa. Ó gbé apín-iná dídán náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìka tọ́ ihò kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, ó béèrè pé àwọ̀n dà? Bàbá ní, àwọ̀n kí ni? Ọkùnrin náà gbé apín-iná àtijọ́ tiwa tó wà nílẹ̀, ó fi hàn wá. Ihò kan náà ni, àmọ́ àwọ̀n irin wẹ́wẹ́ bo tiwa. Ó wá la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lójijì, bí ìgbà tí nǹkan bá bú gbàmù.

Bàbá dákẹ́.

Àwọ̀n kékeré tó ń gba ẹ̀mí là

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò wà ní gbangba. Tí epo bá jò, á kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi irú tiwa wà nínú àpótí, nínú ikùn ọkọ̀. Epo bẹntiróòlù tó bá jò níbẹ̀ á di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ epo yìí sì wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lọ. Kì í gòkè, kì í jáde. Á lọ sùn sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ bí omi ṣe ń dúró sínú kòtò, á máa dúró de iná.

Ẹ má sì gbàgbé ìṣirò wa: iná lè ta ní ìgbà 16,000 ní ìṣẹ́jú kan nínú apín-iná. Tí afẹ́fẹ́ epo bá wọ inú rẹ̀, á gbiná níbẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí iná yẹn má jáde síta. Iṣẹ́ àwọ̀n nìyẹn. Irin wẹ́wẹ́ inú àwọ̀n ń gba ooru lára iná tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, iná náà á tutù, á kú kó tó dé òdìkejì. Humphry Davy lo ọgbọ́n yìí ní ọdún 1815 nínú àtùpà tó ṣe fún àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí iná àtùpà wọn má bàa dáná sun gáàsì inú ihò.

Òfin Amẹ́ríkà náà mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ìlànà tí U.S. Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, ń mójú tó, ohun tó ń lo iná mànàmáná níbi tí ẹ́ńjìnnì tàbí táǹkì bẹntiróòlù bá wà nínú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ lè dáná sun gáàsì propane tó bá yí i ká. Lára ọ̀pọ̀ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí SAE J1171, nọ́ńbà ìdánwò tó yege. Kì í ṣe apín-iná nìkan ló kàn o. Sítátà àti ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kábúrétọ̀ mọ́tò kò bójú mu níbẹ̀, torí pé tí epo bá kún inú rẹ̀ jù, ìta ló máa dà sí. Ti ọkọ̀ ojú omi ń dà á sínú ọ̀fun ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1940 sì ni òfin ti ní kí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n bá tò sínú ọkọ̀ ní ohun tó ń dá iná dúró lẹ́nu kábúrétọ̀.

Ọkọ̀ irú tiwa tí wọ́n bá ṣe láti oṣù kẹjọ ọdún 1980 tún gbọ́dọ̀ ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ ikùn ọkọ̀ jáde. Àkọlé kan máa ń wà níwájú awakọ̀: ẹ tan fáànù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ yẹ inú ikùn ọkọ̀ wò bóyá òórùn epo wà, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Àkọlé yẹn wà nínú ọkọ̀ tiwa láti ọjọ́ tí a ti rà á. A ti ń wò ó kọjá.

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún Bàbá, ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì, ohun tó bá ti wọlé, mo gbà pé tibẹ̀ ni.” Ó dá apín-iná ọ̀fẹ́ náà padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ò mọ̀. Àwa náà ò mọ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ ṣí àpótí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn epo, ibi tó ti ń jò lẹ máa kọ́kọ́ wá.

Ìkejì, ẹ fi tépù kọ nọ́ńbà sára wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó yọ wọ́n. Ẹ ya fọ́tò wọn pẹ̀lú.

Ìkẹta, ẹ yẹ ìdérí wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, iná ti ń jí ọ̀nà gbà níbẹ̀, ìdérí yẹn ò wúlò mọ́. Omi iyọ̀ Galveston sì máa ń sọ ẹnu wáyà di aláwọ̀ ewé. Idẹ ló dáa kó wà nínú ìdérí tó ń lọ sórí omi, torí pé iyọ̀ tètè ń jẹ alumíníọ̀mù.

Ìkẹrin, Bàbá fi kọ́ńtáàtì tuntun àti kọndẹ́ńsà tuntun sí i, àwọn tó wà fún ọkọ̀ ojú omi. Ó yí kiráńkì títí ike fi gun góńgó ọ̀pá àárín, níbi tí kọ́ńtáàtì ti ṣí tán, ó sì wọn àlàfo rẹ̀. Fún V8 irú èyí, nǹkan bíi mìlímítà 0.4 sí 0.5 ni. Ó ní páálí ìṣáná ni àwọn máa ń fi wọ̀n ọ́n ní Mushin tí irin ìwọ̀n kò bá sí nítòsí. Lẹ́yìn ìyẹn la fi mítà wo iye dígírì tí kọ́ńtáàtì fi ń pa dé. Àwọn ará ibí ń pè é ní dwell, ó sì máa ń tó nǹkan bí 30 fún V8. Ó fi gírísì díẹ̀ sára ọ̀pá. Díẹ̀ náà ni o, torí èyí tó bá pọ̀ jù á ta sí ẹnu kọ́ńtáàtì.

Ìkarùn-ún ni táímìnnì. Ẹyìn kọ́ńtáàtì ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ṣáájú: tẹ́ ẹ bá yí àlàfo padà, àsìkò iná á yí; àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí àsìkò iná padà, àlàfo ò ní yí. Ọkọ̀ wà lórí tírélà, nítorí náà a so rọ́bà omi mọ́ ọn kí a tó tan án. Omi ìta ni ẹ́ńjìnnì yìí fi ń tu ara rẹ̀ lára. Láìsí omi, rọ́bà inú pọ́ǹpù rẹ̀ á tètè bà jẹ́. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró nítòsí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀.

A so iná táímìnnì mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá ta nínú wáyà yẹn, fìtílà náà á ṣẹ́jú. Torí pé ibi kan náà nínú ìyípo ló ti ń ṣẹ́jú nígbà gbogbo, àmì tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì á dà bíi pé ó dúró jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ eré ló ń sá. A tú ìdè ọrùn apín-iná díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí ara rẹ̀ lòdì sí ibi tí rótọ̀ ń yí sí, iná á tètè ta. Tẹ́ ẹ bá yí i tẹ̀ lé rótọ̀, iná á pẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a ò fi bẹ́ẹ̀ ní láti yí i. Bí Bàbá ṣe tún àlàfo yẹn ṣe báyìí, àsìkò iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀rí wa nìyẹn: ike tó jẹ yẹn ló fa gbogbo wàhálà náà.

Ṣé ká fi ti ìgbàlódé rọ́pò kọ́ńtáàtì?

Èmi ní ká má lo kọ́ńtáàtì mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ nínú apín-iná kan náà. Pertronix wà lára àwọn tó ń ṣe é, wọ́n sì ní èyí tó wà fún orí omi. Òòfà kéékèèké á máa yí pẹ̀lú ọ̀pá àárín, ẹ̀rọ náà á mọ̀ ọ́n nígbà tí òòfà bá kọjá, á sì já iná kọ́ìlì. Ohun tí Edwin Hall ṣàwárí ní ọdún 1879, nípa bí òòfà ṣe ń darí iná, ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀. Kò sí ẹnu tó ń jó, kò sí ike tó ń jẹ.

Bàbá ò gbà. Ó ní kọ́ńtáàtì máa ń ṣàìsàn kó tó kú, ẹ̀rọ yìí sì máa ń kú láìṣàìsàn. Ó ní tí kọ́ńtáàtì bá ṣe mí láàárín omi, màá fi fáìlì èékánná ra ẹnu rẹ̀, màá sì délé. Kí ni màá fi ra ẹ̀rọ yìí? Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kọ́ńtáàtì wa ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwa ò sì mọ̀. Òótọ́ nìyẹn náà.

Bá a ṣe parí rẹ̀ ni pé a fi ẹ̀rọ náà sí i, a sì di kọ́ńtáàtì kan àti kọndẹ́ńsà kan sínú ọ̀rá pẹ̀lú sukudiráfà, a tọ́jú wọn sínú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe bíi tiwa, ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Ẹ rí i pé apín-iná tó ní àwọ̀n lẹ fi sí, torí pé ẹ̀rọ tuntun kò lè sọ apín-iná mọ́tò di ti omi. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà ń rí fólítì 12 gbà ní kíkún, torí pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń dín iná kọ́ìlì kù kí kọ́ńtáàtì má bàa jó. Ẹ sì lo kọ́ìlì tó bá ohun tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ mu. Ìkẹta, ẹ má ṣíná sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Ooru á ba ẹ̀rọ náà jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá délé, tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú tàbí tẹ́ ẹ dé Makoko, ẹ má wá apín-iná kiri. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú bíi Yamaha 40. Òòfà tó ń yí lórí wọn ló ń ṣe iná tiwọn, ita gbangba ni wọ́n sì wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì epo tó wà láàárín èrò, àwọ̀n kankan ò bo ìyẹn. Ẹ jókòó jìnnà sí i tẹ́ ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi nídìí oúnjẹ. Ó béèrè ohun mẹ́ta: kí ló pa á, báwo la ṣe máa mọ̀ tó bá tún fẹ́ kú, kí la máa ṣe tó bá kú. Mo dáhùn àwọn méjì àkọ́kọ́. Bàbá dáhùn ẹ̀kẹta: ìdákọ̀ró á wà nítòsí, rédíò á wà lórí ìkànnì 16, gbogbo èèyàn á wọ ẹ̀wù àwọ̀léfòó. Ó kúkú jẹ́ dandan fún àwọn ọmọ. Ní Texas, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 tó bá ń lọ lórí omi.

Ní Sátidé tó tún tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ bá wa lọ sí Seabrook. Kó tó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé, ó ṣí àpótí ẹ́ńjìnnì, ó tẹ orí ba, ó gbóòórùn. Ó ní ká tan fáànù. Ó ń wo aago rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, ó wo Bàbá, ó ní, “Ó yá, Bàbá, ẹ tan án.”

Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A dé etí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, a dúró kí ọkọ̀ kan kọjá, a sọdá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ lórí omi, yálà ní Houston ni, London ni, tàbí Èkó, ẹ lọ wo abẹ́ apín-iná yín lọ́sẹ̀ yìí. Tí àwọ̀n ò bá sí níbẹ̀, ẹ má tan án. Nínú ètò tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bátìrì la máa sọ. Títí dìgbà yẹn, ó dàbọ̀ o.